Ojú kọ̀ǹpútà mi lórí Linux kò kọjá 1024x768 mọ́, ẹ gbà mí

Ìyá onítẹ̀wé, Agbowó: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Linux Mint (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ni mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, mọnítọ̀ tòkunbọ̀ ni mo ní, ìwọ̀n àwòrán 1920x1080 ló sì máa ń gbé. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni gbogbo lẹ́tà ti wú, wọn ò sì mọ́ lójú. 1024x768 ló ga jù nínú ètò rẹ̀. Update tí mo ṣe lọ́jọ́ Sátidé ni mo fura sí. Tẹ́síìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nílẹ̀ jọ, ẹ̀yìn sì ti ń ro mí níbi tí mo ti ń tẹ̀ síwájú láti ríran. Ṣé kí n fi Linux mìíràn sí i ni?

Ará Bódìjà: Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́ o, mà. Ẹ ṣí terminal (ojú ewé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ tẹ `wc -c /sys/class/drm/*/edid`. Mọnítọ̀ ló máa ń sọ ìwọ̀n tó lè gbé fún kọ̀ǹpútà, EDID ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà. Kì í dín ní 128 bytes.

Ìyá onítẹ̀wé: 0 ló kọ síwájú VGA-1, ihò tí mo ki wáyà mọnítọ̀ sí.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Mókólá: A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ Linux rárá. Ṣé ẹ pààrọ̀ wáyà VGA láìpẹ́, mà? Píìnì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu wáyà) 12 àti 15 ló ń gbé EDID. Àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọn ò so méjèèjì nínú: àwòrán á kọjá, EDID ò ní kọjá.

Ìyá onítẹ̀wé: Háà! Eku jẹ wáyà mi lóru ọjọ́ Àìkú, mo ra òmíràn ní Dugbe láàárọ̀ Ajé. Mi ò rò ó kàn án rárá.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Mókólá: Wáyà yẹn náà ni. Kí ẹ tó rí òmíràn, ẹ tẹ ìwọ̀nyí tẹ̀ léra kí 1920x1080 lè padà:

`xrandr --newmode "1920x1080_60.00" 173.00 1920 2048 2248 2576 1080 1083 1088 1120 -hsync +vsync`
`xrandr --addmode VGA-1 1920x1080_60.00`
`xrandr --output VGA-1 --mode 1920x1080_60.00`

Tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, ó máa lọ, àfi tí ẹ bá kọ ọ́ sínú `~/.xprofile`.

Ará Bódìjà: Ẹni tó bá ń lo Wayland (ètò mìíràn tó ń gbé àwòrán sójú mọnítọ̀ lórí Linux), àṣẹ xrandr yìí kò ní ṣiṣẹ́ fún un. Kó fi `video=VGA-1:1920x1080@60` sínú ìlà `GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT` nínú `/etc/default/grub`, kó wá tẹ `sudo update-grub`, kó sì tún kọ̀ǹpútà tàn.

Ìyá onítẹ̀wé: Mo yá wáyà aládùúgbò mi, èyí tó ki dáadáa. 128 ló kọ báyìí, lẹ́tà sì mọ́ kedere láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń dá ti Dugbe padà lọ́la.