"Káàdì ohùn" kọ́, "oníbodè ìró" ni

Ẹ̀yin ará, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe sáńdì káàdì (sound card), ẹ̀rọ tó ń gbé ìró wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé e jáde, ní "káàdì ohùn". N kò fara mọ́ ọn. Ohùn ni ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí ìlù tó ń fọhùn. Ìró ló gba gbogbo rẹ̀, títí kan ariwo jẹnẹrétọ̀ tí máìkì ń gbé wọlé láìjẹ́ pé a rán an.

"Káàdì" náà ń ṣini lọ́nà. Lóòótọ́, káàdì gidi wà tí wọ́n ń kì bọnú kọ̀ǹpútà, ilé iṣẹ́ RME ń ṣe é, ó sì yanjú. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ní sítúdíò lónìí jẹ́ àpótí kékeré tí wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ: ẹnu ibodè ló dúró sí, ó ń sọ ìró di òǹkà bó ti ń wọlé, ó sì ń sọ òǹkà di ìró bó ti ń jáde. Oníbodè ìró ni.

Fún "latency", ìyẹn àkókò tí ìró ń lò kó tó dé etí wa, àwọn kan mú "ìdádúró" wá. "Ìpẹ́" ni mo fọwọ́ sí, torí ìró náà kò dúró, ó kàn pẹ́ kó tó dé ni. Bí a bá ń tọ́ ìró wò nígbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí buffer (iye òǹkà ìró tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé wọn lórí) wà ní 1024, buffer yẹn nìkan á jẹ ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ní ìwọlé, á tún jẹ iye kan náà ní ìjáde. Akọrin á máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìlù, á sì máa fa orin sẹ́yìn. Ẹ gbé e wálẹ̀ sí 128, á di nǹkan bí 2.7. Bí ìró bá wá ń já, tó ń ró pọ́-pọ́, bóyá iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà, bóyá dírafà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) ni kò dára. Lórí Windows, dírafà ASIO, irú èyí tó ń dín ìpẹ́ kù, tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ fún un ni kí ẹ lò. ASIO4ALL, dírafà ASIO tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ kan pàtó, kò lè sọ oníbodè ìró tó wà nínú láptọ́ọ̀pù di ti sítúdíò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gba "iná iwin" fún "phantom power", iná 48 volt tí oníbodè ń fi ránṣẹ́ sí máìkì. "Iná máìkì" yéni jù. Ọ̀pọ̀ máìkì kọ̀ndẹ́ńsà ti sítúdíò kò lè ṣe láìsí i, ihò 3.5 mm ara láptọ́ọ̀pù kì í sì í fúnni ju volt díẹ̀ lọ. Máìkì SM7B ti Shure kò fẹ́ iná yẹn, àmọ́ ó fẹ́ ìgbéga (gain, bí a ṣe ń mú ìró máìkì lágbára sí i) tó 60 dB (desíbẹ́ẹ̀lì). Oníbodè tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ á gbé ṣìììì pọ̀ mọ́ ohùn.

24-bit, ìyẹn bí òǹkà ìró kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, kò nílò orúkọ tuntun.

"Gain" ló kù. Mo pè é ní "ìgbéga" lókè yẹn, bí ẹ bá ní èyí tó dára jù, ẹ mú un wá. Kó má ṣáà jọ orúkọ tí a ń pe volume (bí ìró ṣe ń dún sókè tó nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ), torí gain ń ṣiṣẹ́ kí ìró tó di òǹkà, èyí tó bá sì fọ́ níbẹ̀, volume kankan kò lè tún un ṣe.