Ṣé kí n fi ọ̀gá mi sílẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, látorí bébà gígé títí dé orí ẹ̀rọ ńlá. Nígbà tí ìyá mi wà ní ọsíbítù, òun ló san owó oògùn láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n owó oṣù mi ò tíì tó 70,000 náírà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Àwa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò tó 25, òfin yẹn ò sì de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, oore kì í ṣe owó oṣù. Ibòmíì ti ń pè mí, àmọ́ àsìkò kàlẹ́ńdà la wà yìí, èmi nìkan ni mo sì mọ ọwọ́ ẹ̀rọ yẹn. Báwo ni mo ṣe lè bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ owó, tí kò fi ní kà mí sí aláìmoore?