Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń sọ àṣírí fún plẹ́yà kan ṣoṣo?

Èmi ni DM (ẹni tó ń darí géèmù) nínú D&D wa, géèmù ìtàn tí plẹ́yà kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe ẹ̀dá ìtàn kan, tẹ́nì kan bá rí nǹkan táwọn tó kù ò rí, ṣé kí n pè é síta ni àbí kí n sọ ọ́ létí gbogbo wọn?

Èsì 1: Kọ ọ́ sí bébà kó o nà án sí i, tàbí WhatsApp. Àmọ́ má ṣe é jù o, àwọn tó kù á kàn máa wo ara wọn.

Èsì 2: Èmi ò fara mọ́ bébà yẹn, sọ ọ́ síta jàre, inú wọn á dùn pé àwọn mọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni kí DM fi ọ̀rọ̀ tí géèmù ò lè rìn láìsí ẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn dáìsì, tí wọ́n bá wá rólù tí ò wọlé ńkọ́? Nínú GUMSHOE, ìlànà irú géèmù yìí tó dá lórí ìwádìí, tí ẹ̀dá ìtàn ẹ bá ti ní ìmọ̀ tó yẹ tó o sì wá ibi tó yẹ, wàá rí i ni, kò sí dáìsì kankan.