Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mi kéré: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí?

Olùbéèrè
Mo kí gbogbo yín. Mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà tí nǹkan kan kò ṣe mí, èsì rẹ̀ sì fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mi kò ju 3,100 lọ nínú microlitre kan, nígbà tí ìwé náà kọ ọ́ pé 4,000 sí 11,000 ló yẹ kó jẹ́. Neutrophil inú rẹ̀, ìyẹn oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, jẹ́ 1,200. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ní kí dókítà kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn kìíní
Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, kódà èyí tó ti lọ, lè mú kí iye náà wálẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù pẹ̀lú. Ẹ̀rọ mọ iye kà, ṣùgbọ́n ojú ló ń rí i pé ààrin neutrophil, tó sábà máa ń pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti pín sí mẹ́fà. Bí a bá rí bẹ́ẹ̀, àìtó fítámì B12 tàbí folate la máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wá àwọn èsì àtijọ́ yín jáde.

Ìdáhùn kejì
Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sílẹ̀, títí kan egbòogi. Carbimazole ni mo ń lò nítorí gẹ̀gẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí, tí ara mi sì gbóná. Àyẹ̀wò ọjọ́ náà gan-an ló fi hàn pé neutrophil mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Clozapine, tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, àti co-trimoxazole, tó jẹ́ oògùn apakòkòrò, náà lè fa irú rẹ̀. Bí ibà tó dé ìwọ̀n 38 bá mú yín, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìdáhùn kẹta
Bí ìran yín bá ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, ẹ béèrè àyẹ̀wò Duffy. Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ kò ní àmì Duffy sábà máa ń ní neutrophil tó kéré nínú ẹ̀jẹ̀ láti ìbí, láìjẹ́ pé àìsàn ń ṣe é ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV àti ti lupus, àìsàn tí ààbò ara fi ń gbógun ti ara fúnra rẹ̀, náà. Ní ti gbígba mùdùnmúdùn inú egungun fún àyẹ̀wò, kì í sábà jẹ́ ohun àkọ́kọ́, àfi bí sẹ́ẹ̀lì pupa tàbí platelet, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, náà bá ń dín kù, tàbí bí iye náà bá ń já wálẹ̀ láti oṣù dé oṣù.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rí èsì àyẹ̀wò ọdún méje sẹ́yìn: 3,300 ni. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni mí, n kò sì lo oògùn kankan. Èsì méjèèjì ni màá gbé lọ bá dókítà ní ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ Duffy yìí ni màá sì kọ́kọ́ béèrè.