Ìdí tí mo fi fara mọ́ "àṣìlù ọkàn"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe ìṣòro lílù ọkàn tó máa ń yọjú lára ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí àléébù ọkàn tí wọ́n bí mọ́ ọn. Àbá mẹ́ta ló ti jáde: "àyà jíjá", "ìlùkìkì ségesège" àti "àṣìlù ọkàn". Èyí tó kẹ́yìn ni mo gbè lẹ́yìn.

"Àyà jíjá" kò yẹ rárá. Ògbufọ̀ ni mí ní ilé ìwòsàn, mo sì jókòó lọ́jọ́ kan láàárín dókítà àti ìyá kan tí wọ́n ti dí ihò inú ọkàn ọmọ rẹ̀ láti kékeré. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn ọmọ náà máa ń ṣàdédé sáré. Mo ní, "Mà, ṣé àyà ọmọ yín máa ń já?" Ìyá náà fọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ léjìká, ó ní, "Rárá o, ọmọ mi kì í bẹ̀rù." Dókítà kọ "rárá" sílẹ̀. Ìgbà tí mo fi ìka lu tábìlì kì-kì-kì kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí mò ń wí ni ọmọ fúnra rẹ̀ dáhùn pé ó máa ń ṣe òun bẹ́ẹ̀, pàápàá lálẹ́.

"Ìlùkìkì ségesège" sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ náà ló gbé. Ẹ wo àléébù ọkàn mẹ́rin tó máa ń wà pọ̀, tí dókítà Fallot ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé ní 1888, tí oníṣẹ́ abẹ Lillehei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tún ṣe nínú ọkàn gan-an ní Minnesota ní Amẹ́ríkà ní 1954. Wọ́n á dí ihò tó wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì, wọ́n á sì fẹ ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tí wọ́n gé tí wọ́n sì rán á jinná, ṣùgbọ́n ojú àpá kì í jọ ojú ara: iná mọ̀nàmọ́ná tí ọkàn fi ń lù kì í gba inú àpá kọjá, ṣe ló ń yí i po, ó sì lè máa yí i po láìdúró, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkàn bẹ́ẹ̀ lè máa lù ní ìgbà 150 ní ìṣẹ́jú kan lórí ìjókòó, kí ó sì dọ́gba délẹ̀ bí omele tí kò yẹsẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: iṣan tó ń gbé iná náà sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn gan-an kọjá, bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ bá sì bà á, ọkàn á máa lù ní déédéé, ṣùgbọ́n á falẹ̀ jù. Nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹnjiníà Earl Bakken fi ṣe ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń mú ọkàn lù bó ṣe yẹ ní Minneapolis, ní Minnesota yẹn kan náà, ní 1957. Èwo ló jẹ́ ségesège nínú méjèèjì?

"Àṣìlù" tẹ̀lé ipa ọ̀nà àṣìsọ, àṣìgbọ́ àti àṣìlò, ó sì gba yíyára jù, fífalẹ̀ jù àti ségesège pọ̀. Kí a ṣáà máa fàmì sí i, nítorí ọkàn tó lu ni wọ́n ń dí, ọkàn tó ń lù ni gbogbo wa ní.

Ẹnì kan nínú wa bẹ̀rù pé "àṣì" yóò mú kí aláìsàn rò pé dókítà ló ṣàṣìṣe. Ẹ̀rù náà tọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ni olùwà "lù", kì í ṣe dókítà. Nígbà tí ìyá yẹn padà wá, mo bi í pé, "Ṣé ọkàn ọmọ yín ṣì máa ń ṣìlù?" Kò béèrè ẹni tó ṣẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ń kà, ó ń ṣírò oṣù tó ti bẹ̀rẹ̀.