Ọjọ́ tí mo mú màmá mi wọ abẹ́ ilẹ̀ Róòmù

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa ní kíláàsì katikísìmù pé inú ihò ni àwọn Kristẹni ìṣáájú ń sá pamọ́ sí ní Róòmù. Ohun tó wà lọ́kàn mi náà nìyẹn nígbà tí mo mú màmá mi lọ sí San Callisto, itẹ́ òkú abẹ́ ilẹ̀ àwọn Kristẹni ìṣáájú, ní ojú ọ̀nà Appia àtijọ́. Sẹ̀sílíà ni orúkọ ìrìbọmi wọn. Wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Àgùdà l'Abẹ́òkúta kí wọ́n tó bí mi, ibojì Sẹ̀sílíà Mímọ́, ajẹ́rìíkú tó jẹ́ alábòó àwọn olórin, ni wọ́n sì ń fẹ́ fojú rí.

Obìnrin ará Ítálì tó mú wa káàkiri kò jẹ́ ká tíì sọ̀kalẹ̀ tó fi sọ pé kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Ìjọba mọ ibẹ̀ dáadáa. Òfin Róòmù ló kà á léèwọ̀ láti sin òkú sáàárín ìlú, ni kálukú fi ń sìnkú sẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn odi. Àwọn Kristẹni kì í sun òkú wọn, wọ́n sì fẹ́ kí olówó àti tálákà jọ sùn pọ̀. Ilẹ̀ wọ́n, ni wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀. Òkúta ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tufo, rọ̀ láti gbẹ́, bí atẹ́gùn bá sì ti fẹ́ sí i ni yóò le.

Màmá yíjú sí mi: "Wọn kì í sin òkú sílé ni?" Ojúde ilé wa ni bàbá mi sùn sí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ òfin yẹn kò wọ̀ wọ́n létí rárá.

A sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n di èjìká mi mú nítorí orúnkún wọn. Òtútù mú wa, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Lápá ọ̀tún, lápá òsì, ibojì lórí ibojì, wọ́n gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ògiri bí ibùsùn ẹnìkan. Ọ̀nà inú ilẹ̀ yẹn tó nǹkan bí ogún kìlómítà, àjà mẹ́rin ló sì ní. Àwọn ibojì kan wà tí wọn ò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ mi dé orí ìka lọ. Ọmọ ọwọ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀ gan-an. Màmá dúró. Wọ́n bí méjì ṣáájú mi tí wọn ò dúró. Amọ̀nà wa ń ṣàlàyé pé "depositus" ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ibojì, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí a fún ẹnìkan tọ́jú, tí a ó padà wá gbà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọn ò fèsì, wọ́n kàn na àtẹ́lẹwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ihò kéékèèké yẹn láìfọwọ́ kàn án.

Nínú yàrá tí wọ́n sin àwọn Póòpù sí, amọ̀nà wa sọ ti Póòpù Sixtus Kejì, tí àwọn ọmọ ogun ọba Valerian pa ní oṣù Ògún 258. Iyàrá yìí ti sọnù sábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí awalẹ̀pìtàn de Rossi tó tún un rí ní 1854.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ti Sẹ̀sílíà. Ère mábù kan ló sùn síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀, aṣọ bo orí rẹ̀, ojú ọgbẹ́ idà hàn lọ́rùn rẹ̀. Ọwọ́ kan na ìka mẹ́ta, èkejì na ẹyọ kan, nítorí Ọlọ́run Mẹ́talọ́kan. Ẹ̀dà ni o, ojúlówó rẹ̀ tí Stefano Maderno gbẹ́ wà ní ìjọ tó ń jẹ́ orúkọ Sẹ̀sílíà ní Trastevere, àdúgbò kan ní Róòmù. Ibẹ̀ náà ni Póòpù Paschal gbé òkú rẹ̀ lọ ní ọdún 821.

"Wọ́n ti gbé e lọ?" Ojú màmá rẹ̀wẹ̀sì.

Bí a ṣe dé Trastevere lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Kí a tó débẹ̀, a ya San Clemente, níbi tí ìjọ kan jókòó lé ìjọ mìíràn lórí, tí ojúbọ Mithras, òrìṣà kan tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń bọ, sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí o máa gbọ́ tí omi ń ṣàn. Ó dára, àmọ́ ọkàn màmá ti lọ síwájú.

Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ère yẹn, orúnkún yẹn náà ni o. Wọ́n na ìka mẹ́ta lọ́wọ́ kan, ẹyọ kan ní èkejì, wọ́n sì ń kùn orin kan lábẹ́lẹ̀ ní ohùn sopránò. Mo dúró lẹ́yìn wọn títí wọ́n fi kọ ọ́ tán.