Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí ìyípadà ewéko ń ṣe sí àwọn ẹyẹ ọ̀dàn ní Kétu?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Kétu ni mo ti ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹyẹ oko. Ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà lẹ́yìn abúlé wa ti ń di igbó ṣúúrú: àwọn kan gbin kajú síbẹ̀, apá tí a fi sílẹ̀ láìro sì ti kún fún Chromolaena odorata, ewéko àjèjì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó máa ń ṣíji bo koríko títí tí koríko yóò fi kú. Àparò, tí ó máa ń yé ẹyin sílẹ̀ láàárín koríko, kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ mọ́, ó sì ń dùn mí gan-an.

Iná ni ó kọ́kọ́ ń rú mi lójú. Iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í le, igi kéékèèké a sì máa yè é. Ti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ pátápátá, a máa pa wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè jó ìtẹ́ ẹyẹ mọ́ wọn. Èwo ni ó sàn fún àparò?

Báwo ni mo sì ṣe lè ka ẹyẹ tí n ó fi mọ̀ pé ewéko ni ó lé wọn, tí kì í ṣe pàkúté? Ṣé kí n dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú 10 ni, tàbí kí n máa rìn lójú ọ̀nà kan náà? Ẹyẹ inú igbó ṣòro láti rí ju ti ọ̀dàn lọ, nítorí náà iye tí mo bá kà lè ṣì mí lọ́nà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí ó jọ̀wọ́ ṣàlàyé fún mi.